Ẹ Wo Omi Kí Ẹ Tó Mú Okùn: Bí A Ṣe Ń Yan Okùn Ìwọ̀ Fún Àwọn Odò Ìwọ̀-Oòrùn Kogí

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bi ẹni tó ń ta okùn ìwọ̀ ni pé, "Èwo ló yi jù níbẹ̀?" Wọ́n á fà á lọ, wọ́n á fà á bọ̀, èyí tí kò bá já lọ́wọ́ wọn ni wọ́n á sanwó rẹ̀. Èmi náà ṣe é bẹ́ẹ̀ fún bí ọdún mẹ́ta. Okùn tó nípọn gan-an ni mo ń gbé lọ sódò nínú ọyẹ́, nígbà tí omi mọ́ débi pé mò ń rí yanrìn nísàlẹ̀. Mo lè jókòó láti ìdájí títí oòrùn á fi kan àtàrí, kí ẹja kankan má tọ́ ìdẹ mi wò.

Bàbá kan tó jẹ́ ẹ̀yà Kakanda, tó ti ń pẹja ní Lọ́kọ́ja kí wọ́n tó bí mi, ló pe àkíyèsí mi sí i lọ́jọ́ kan. Ó wo okùn ọwọ́ mi, ó wo omi, ó ní, "Ọmọ mi, o ti yan okùn, o ò sì tíì wo omi." Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kọ́ mi. Ohun tí wọ́n kọ́ mi, pẹ̀lú ohun tí mo ti fojú ara mi rí látìgbà náà, ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Ó wà fún ẹni tó ń fi ìwọ̀ pẹja, yálà ọ̀pá lẹ ń lò tàbí ọwọ́ lásán lẹ fi ń ju okùn. Ọ̀rọ̀ alápẹja àwọ̀n yàtọ̀ sí èyí.

Lápá ibí, odò kì í ṣe irú kan. Ní Lọ́kọ́ja, Odò Ọya fẹ̀ lọ salalu, ibẹ̀ náà ló ti pàdé Bẹ́núé. Ọ̀yì àti Kampe tó gba ilẹ̀ Okun kọjá kéré sí i. Òkúta pọ̀ nínú wọn, òjò ńlá kan lè mú wọn kún kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀ẹ̀rùn sì lè fa omi wọn gbẹ títí á fi ku kòtò omi níbí, kòtò omi lọ́hùn-ún. Adágún tó wà ní Omi, ní Yàgbà Ìwọ̀-Oòrùn, tún wà níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti dí Kampe nítorí iṣẹ́ oko. Omi ibẹ̀ kì í sáré. Okùn kan ṣoṣo kò lè bá gbogbo wọn mu. Kódà, kò lè bá ẹyọ kan nínú wọn mu láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka omi

Ẹ má tíì tú okùn kankan. Ohun mẹ́rin ni kí ẹ wò: ṣé omi ń kún ni àbí ó ń fà, báwo ló ṣe ń sáré tó, báwo ló ṣe mọ́ tó, kí ló sì ń gbé bọ̀.

Fún kíkún àti fífà, ẹ gún ọ̀pá kan mọ́ etí omi, kí ẹ fi ọ̀bẹ sàmì sí ibi tí omi dé. Bí ẹ bá sùn ní abúlé etí odò, ẹ gún un lálẹ́, kí ẹ padà lọ wò ó ní ìdájí. Bí ẹ kò bá sùn níbẹ̀, wákàtí kan náà á ti sọ nǹkan fún yín. Ẹ má fi òjò ìlú yín díwọ̀n Odò Ọya o. Wọ́n ti dí i ní Kainji láti ọdún 1968, wọ́n tún dí i ní Jebba lẹ́yìn náà. Ìdídò Shiroro wà lórí odò Kaduna tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀, Lagdo sì wà lórí Bẹ́núé lọ́hùn-ún ní Kamẹrúùnù. Bí wọ́n bá ṣí omi sílẹ̀ lókè, omi lè gòkè ní Lọ́kọ́ja nínú oòrùn ganrínganrín, láìsí ẹ̀kán òjò kan. Ẹni tó bá rí ọdún 2012 àti 2022, nígbà tí omi wọ ilé onílé, mọ bí omi tó ti òkè wá ṣe lè lágbára tó.

Fún mímọ́, ẹ wá àwo funfun kan, àwo tánganran àtijọ́ dára jù. Ẹ lu ihò mẹ́ta sí etí rẹ̀, kí ẹ fi okùn so ó kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ẹ sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú omi. Níbi tí ẹ kò bá ti rí i mọ́, ẹ di okùn mú lójú omi, ẹ fà á sókè, ẹ wọ̀n ọ́n. Bí kò bá gùn tó láti orí ìka yín dé ìgúnpá, omi ti rú. Bó bá gùn ju odindi apá yín lọ, omi mọ́, ẹja ń ríran dáadáa. Èyí tó wà láàárín méjèèjì ni mò ń pè ní omi àárín. Àwo yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun èlò mi, torí ojú lásán máa ń tanni: bí ìkùukùu bá bo oòrùn, omi tó mọ́ á dà bí èyí tó rú.

Fún ìsáré, ẹ ju ṣúkù àgbàdo sómi, kí ẹ máa rìn létí odò bí ẹni tó ń lọ sọ́jà. Bó bá ń bá yín dọ́gba, tàbí tó gba iwájú yín lọ, omi yẹn le. Bó bá ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn yín, kò le tó bẹ́ẹ̀. Ní ti ohun tí omi ń gbé, ẹ kàn wo bóyá ewé àti koríko ń kọjá, torí gbogbo rẹ̀ ló máa wá dì mọ́ okùn yín.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà

Mo máa pín okùn sí méjì. Èyí tó gùn, tó wà lọ́wọ́ yín tàbí lára róòlù, ni mò ń pè ní ìyá okùn. Èyí tó kúrú, tó wà láàárín ìyá okùn àti ìwọ̀, ni ọmọ okùn. Kò pọn dandan kí ìyá àti ọmọ jẹ́ irú kan náà, àǹfààní ńlá sì wà níbẹ̀.

Náílọ́ọ̀nù lèyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà, kò sì wọ́n. Ó ń nà díẹ̀ bí ẹja bá já a gbà, ìnà yẹn ló ń gba ìwọ̀ yín là. Ó ń rì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀. Okùn híhun, ìyẹn fọ́nrán wẹ́wẹ́ tí wọ́n hun pọ̀ di ẹyọ kan, tín-ín-rín ju náílọ́ọ̀nù lọ bí agbára wọn bá dọ́gba. Kì í nà, nítorí náà bí ẹja bá fẹnu kan ìdẹ, ọwọ́ yín á mọ̀. Ó máa ń léfòó. Ṣùgbọ́n òkúta máa ń gé e, òun náà sì máa ń gé ọwọ́: ẹ fi aṣọ di ìka yín. Èyí tí wọ́n ń pè ní fluorocarbon jọ náílọ́ọ̀nù lójú, àmọ́ ó yára rì jù ú lọ, ó ṣòro fún ẹja láti rí nínú omi, ara rẹ̀ sì gba kí òkúta ha á. Ó wọ́n, torí náà ẹ ra ìwọ̀nba tó tó ọmọ okùn.

Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ rírì àti léfòó nìyí. Àwọn tó ń pa ẹja sámọ́nù ní Skọ́tílándì máa ń fi ìyẹ́ ẹyẹ àti irun ẹran ṣe ìdẹ wọn, ó sì fúyẹ́ débi pé kò ṣeé jù. Okùn fúnra rẹ̀ ló ní ìwọ̀n tí wọ́n fi ń jù ú. Wọ́n máa ń kó èyí tó ń léfòó dání, àti èyí tó ń rì díẹ̀, àti èyí tó ń lọ sísàlẹ̀ pátápátá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tí omi kún, tó sì tutù, ìsàlẹ̀ ni sámọ́nù ń wà, okùn tó ń rì ni wọ́n á lò. Bí ìgbà ooru bá dé tí omi fà, tó sì lọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n á padà sí èyí tó ń léfòó. Kò sí sámọ́nù nínú Odò Ọya, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà bá tiwa mu: ibi tí ẹja bá wà nínú omi ni okùn gbọ́dọ̀ gbé ìdẹ dé.

Nọ́ńbà ara róòlù ń sọ bó ṣe nípọn tó ní mìlímítà. Náílọ́ọ̀nù 0.30 máa ń gbé bíi kílò 6, 0.40, bíi 10, 0.50, bíi 15, 0.60, bíi 20. Mo ní "bíi" torí pé ẹ gbọ́dọ̀ dán an wò fúnra yín. Màá dé orí ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fi okùn bá omi mu

Bí omi bá ń kún, láti bí oṣù keje dé oṣù kẹwàá, Odò Ọya á rú, á máa gbé igi àti koríko bọ̀. Ẹja kì í fi ojú wá oúnjẹ nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Òórùn ni àrọ̀ ń tọ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ló sì fi ń táràrà rí i. Nítorí náà okùn tó nípọn kò lè lé e sá. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ìnípọn yẹn ń ṣe wá ní ìpalára lọ́nà míràn. Omi tó ń sáré ń ti okùn, bí okùn bá sì ṣe nípọn tó ni omi ṣe ń rí ohun tì. Ẹ ju 0.70 sí àárín odò, kí ẹ wò ó: okùn á tẹ̀ kọdọrọ bí ọrun, á gbé òjé, ìyẹn ohun wíwúwo tó ń fa ìdẹ rì, kúrò nílẹ̀, ìdẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri, kí ó tó pẹ́ gbogbo rẹ̀ á ti wọ́ wá sí etí bèbè. Ẹ̀yin á rò pé òjé ló fúyẹ́, ẹ ó fi kún un, okùn á sì tún gbé e.

Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ ni kí ìyá okùn tín-ín-rín, kí ọmọ okùn nípọn. Okùn híhun tó lè gbé kílò 20 fún ìyá, náílọ́ọ̀nù 0.60 tó gùn tó apá kan fún ọmọ. Ẹ gbé ọ̀pá tàbí ọwọ́ yín sókè kí èyí tó pọ̀ nínú okùn wà lójú afẹ́fẹ́, kó má bàa wà nínú omi. Àmọ́ bó bá jẹ́ etí bèbè lẹ jókòó sí, níbi tí omi ti wọ inú koríko, ẹ lo náílọ́ọ̀nù 0.60 látòkè délẹ̀, kúkúrú. Àrọ̀ tí ìwọ̀ bá mú níbẹ̀, inú koríko ló máa sá lọ, okùn tín-ín-rín kò lè fà á jáde. Inú koríko yẹn gan-an ni kí ẹ wá a ní àsìkò yìí, kì í ṣe àárín odò. Bí igi ńláńlá bá ti ń kọjá lọ, ẹ kó okùn, ẹ lọ sílé.

Bí omi bá ń fà, láti ìparí oṣù kẹwàá dé oṣù kejìlá, ìgbà yẹn ló dùn jù fún onííwọ̀. Omi tó ti tàn sí pápá ń padà sínú odò, ẹja sì ń bá a bọ̀. Ẹ wá ibi tí ojú omi kékeré kan ti ń já wọ odò ńlá, kí ẹ jókòó síbẹ̀. Náílọ́ọ̀nù 0.40 tó fún ìyá okùn, 0.35 fún ọmọ. Ṣùgbọ́n omi ń mọ́ sí i lójoojúmọ́ ní àsìkò yìí, àwo yín ló máa sọ ìgbà tó yẹ kí ẹ yí okùn padà. Bí okùn àwo bá ti fi àtẹ́lẹwọ́ kan gùn ju ti ìṣáájú lọ, ẹ dín ọmọ okùn kù ní ìwọ̀n kan. Bí okùn yín bá ń já geere bí ẹni fi abẹ gé e, láìsí pé ẹ gbọ́ ìfà kankan, ẹja eléyín mímú ti wà níbẹ̀: ẹ fi wáyà tín-ín-rín tó gùn tó ìka ọwọ́ méjì sáàárín ọmọ okùn àti ìwọ̀.

Ojú ìpàdé odò méjèèjì ní Lọ́kọ́ja ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí dáadáa. Ẹni tó bá gun ọkọ̀ débẹ̀ á rí àwọ̀ omi méjì tí wọ́n ń bára wọn rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, èmi àti àbúrò mi wà nínú ọkọ̀ kan. Ìdẹ kan náà, ekòló. Okùn kan náà, 0.50. Tirẹ̀ wà lápá ibi tó rú, tèmi wà lápá ibi tó mọ́. Ó fa ẹja mẹ́ta jáde kí tèmi tó mì lẹ́ẹ̀kan. Mo tú ọmọ okùn mi, mo so 0.30 rọ́pò, n kò yí ohun mìíràn padà. Ọ̀bọ̀kún kan gbé e kí ọwọ́ mi tó gbẹ. Kò ju bí ìwọ̀n ọkọ̀ wa lọ tó wà láàárín okùn wa méjèèjì.

Nínú ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn, omi mọ́, ó sì lọ sílẹ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí 0.30 tàbí 0.25. Ẹ jẹ́ kí ọmọ okùn gùn tó apá méjì, kí òjé kéré, kí okùn má ní àwọ̀. Èyí tó pọ́n bí ẹyìn tàbí tó jẹ́ búlúù, ẹ fi í sílẹ̀ de omi tó rú. Ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì jìnnà sí etí omi kí òjìji yín má bàa bọ́ sínú rẹ̀. Ní Ọ̀yì, láàárín òkúta, ibẹ̀ ni fluorocarbon ti yẹ owó rẹ̀. Nígbàkigbà tí ẹ bá fa okùn wá sókè, ẹ fi èékánná àtàǹpàkò yín ra á láti ìwọ̀ dé ìwọ̀n apá méjì. Bí èékánná bá há lójú kan, bó ti wù kó kéré tó, ẹ gé e dànù, ẹ tún ìwọ̀ so. Ojú ibi tí òkúta ti ha okùn ló ń já.

Ẹ má rò pé gbogbo omi tó bá ń kún ló ń rú. Omi kan wà tó ń rìn láti òkè Odò Ọya, láti Gíní àti Málì, tó ń wọ Nàìjíríà lẹ́yìn tí òjò tiwa ti dáwọ́ dúró. Ó ti da ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ sínú àbàtà ńlá ní Málì, nítorí náà ó mọ́. Ìkún omi dúdú ni wọ́n ń pè é, láti yà á sọ́tọ̀ sí ìkún omi funfun, èyí tó rú, tí òjò tiwa ń mú wá. Bí ọ̀pá yín bá sọ pé omi ń gòkè, tí àwo sì sọ pé ó mọ́, àwo ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọmọ okùn.

Òjò àkọ́rọ̀ ní tiẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀yì lè pọ́n láàárín wákàtí kan. Ẹ kúrò lórí òkúta àárín omi kí ẹ tó ronú kan okùn. Lẹ́yìn náà ẹ so 0.50. Ní adágún Omi, 0.25 tàbí 0.30 pẹ̀lú kọ́ọ̀kì tó ń léfòó tó fún ẹpìyà, ìwọ̀ kékeré, torí ẹnu rẹ̀ kéré.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ dán an wò pẹ̀lú omi inú ọ̀rá

Mo ra róòlù kan nígbà kan tí wọ́n kọ kílò 20 sí lára. Ẹja kan já a lọ ní Lọ́kọ́ja, ẹja tí mo rí ẹ̀yìn rẹ̀ lójú omi, tí n kò tíì gbàgbé. Mo gbé okùn náà délé, mo wọ̀n ọ́n: kò gbé ju kílò 11 lọ.

Bí mo ṣe wọ̀n ọ́n nìyí. Ẹ rẹ okùn sínú omi mọ́jú, torí náílọ́ọ̀nù máa ń mu omi, agbára rẹ̀ á sì dín kù díẹ̀. Ẹ so orí kan mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò, ẹ fi kókó tí ẹ ń lò sódò so orí kejì mọ́ ìwọ̀ ńlá kan, kí ẹ fi àpò kọ́ ọ, kó jìnnà sílẹ̀ díẹ̀ péré. Ẹ wá máa kó píọ̀ wọ́tà sínú àpò náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50cl, ìyẹn ààbọ̀ kílò. Méjì jẹ́ kílò kan. Odindi báàgì tó ní ogún jẹ́ kílò 10. Ẹ rọra gbé e sí i, ẹ má jù ú. Iye tó bá wà níbẹ̀ nígbà tó já, ẹ pín in sí méjì, ẹ kọ ọ́ sára róòlù pẹ̀lú bírò. Nọ́ńbà tiyín lẹ ó máa lò láti ìgbà náà lọ.

Ẹ tún wo ojú ibi tó ti já. Bó bá jẹ́ lójú kókó, kókó yín ni ẹ ó tún ṣe. Bó bá jẹ́ láàárín, okùn ló burú.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kókó àti òjé

Fún náílọ́ọ̀nù, ẹ ki okùn bọ ojú ìwọ̀, ẹ lọ́ orí rẹ̀ mọ́ ara okùn nígbà márùn-ún, ẹ dá a padà gba inú ihò kékeré tó wà lẹ́bàá ojú ìwọ̀, ẹ tún gba inú ihò ńlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Kí ẹ tó fà á le, ẹ fi itọ́ rin ín. Ẹ má fo èyí. Bí okùn gbígbẹ bá ń ra ara wọn, ó ń gbóná, ooru yẹn sì ń sọ ọ́ di aláìlera. Ẹ ó rí i tí ojú kókó á ṣẹ́ wúruwùru dípò kó máa dán. Okùn híhun máa ń yọ̀ nínú kókó yìí. Fún un, ẹ ká okùn sí méjì, ẹ ki méjèèjì bọ ojú ìwọ̀, ẹ ta kókó lásán kan, ẹ gba odindi ìwọ̀ náà kọjá nínú ihò orí rẹ̀, kí ẹ tó rin ín, kí ẹ sì fà á.

Òjé gbọ́dọ̀ wúwo tó láti dúró sójú kan, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ju ú, ẹ kà dé ogún: bó bá ṣì ń rìn, ẹ fi kún un. Púlọ́ọ̀gì ọ̀kadà àtijọ́ àti nọ́ọ̀tì irin náà ń ṣe é. Nínú omi olókùúta, ẹ má so òjé mọ́ ìyá okùn tààrà. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù tín-ín-rín, 0.20, so ó rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá há sábẹ́ òkúta, ẹ fà á, èyí tín-ín-rín á já, òjé nìkan ni omi á gbà, ìwọ̀ àti ẹja á bá yín délé.

Ìtọ́jú

Róòlù mẹ́ta ni mò ń kó sínú àpò mi báyìí: híhun kan, 0.40 kan, 0.30 kan, pẹ̀lú ọmọ okùn oríṣiríṣi tí mo ká mọ́ páálí. Lẹ́yìn ọjọ́ kọ̀ọ̀kan mo máa ń fi omi tó mọ́ ṣan wọ́n, mo sì ń fi wọ́n sábẹ́ òjìji nínú ilé. Ẹ má fi náílọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí páànù tàbí lẹ́yìn ọkọ̀ nínú oòrùn. Ọdún kan níbẹ̀ tó láti sọ ọ́ di ohun tí ọmọdé lè fà já. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń fi píọ̀ wọ́tà wọ̀n gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Èyí tí kò bá gbé ìdajì nọ́ńbà tí mo kọ sí i lára mọ́, mo ń yọ ọ́ dànù.

Èyí tí ẹ bá yọ, ẹ má jù ú sí etí odò. Mo ti fi ọ̀bẹ tú u lẹ́sẹ̀ ẹyẹ lékèélékèé kan rí ní bèbè Ọ̀yì. Ó ti wọ ẹran, ẹsẹ̀ náà ti wú. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ó má gùn ju ìka kan lọ, ẹ kó o sínú agolo, kí ẹ sì gbé e padà sílé.